Ìtàn Kúkúrú nípa Kíkọ́ Àwọn Olùkọ́ fún Iṣẹ́ Ìwòsàn ní Ilẹ̀ Wa

Ògo ni fún Ọlọ́run tí ó mú ìjọ yìí dúró fún ọgọ́rùn-ún ọdún, láti ìgbà tí ilẹ̀ wa yìí jẹ́ oko àti igbó, tí ẹni tí ó bá ń ti Ìkòtún lọ sí Ìgàndò ń fi ẹsẹ̀ rìn ní ipa-ọ̀nà tóóró, títí di òní tí ilé fara kan ilé, tí ariwo ọkọ̀ kò sì mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ní kí a kọ ìtàn díẹ̀ nípa iṣẹ́ ìwòsàn sínú ìwé ìrántí yìí, a rò ó sọ́tùn-ún, a rò ó sósì. Nípa àwọn oníṣègùn, àwọn ẹlòmíràn ti kọ púpọ̀. Ní ti àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn agbẹ̀bí, a ti gbọ́ ìyìn wọn láti orí àga ìwàásù lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kan wà lẹ́yìn gbogbo wọn tí a kì í sábà dárúkọ, àwọn náà ni àwọn tí ó kọ́ wọn. Nọ́ọ̀sì tí ó mọ abẹ́rẹ́ í gún lónìí, ẹnìkan ni ó dúró tì í ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ta ni olùkọ́ náà? Níbo ni òun fúnra rẹ̀ ti kọ́ bí a ti ń kọ́ni? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ fi ìtàn dáhùn.

Ìbéèrè náà kan wa gbọ̀ngbọ̀n. Ní Ìgàndò, nítòsí wa níhìn-ín, ni Ilé Ìwòsàn Ìjọba ti Alímọ̀ṣọ́ wà, níbẹ̀ náà sì ni Kọ́lẹ́jì tí Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí wà. Àwọn ọmọ wa ń wọ ibẹ̀. Àwọn ọmọ ẹlòmíràn tí ó wọ ibẹ̀ sì ń bá wa jọ́sìn ní ọjọ́ ìsinmi. Bí àwọn olùkọ́ wọn bá pọ̀ tí wọ́n sì gbóná, àwa ni yóò jẹ èrè rẹ̀ ní ọjọ́ àìsàn. Bí wọn kò bá tó, àwa náà ni yóò jẹ ìyà rẹ̀.

I. OHUN TÍ ÌJỌ TI MỌ̀ TIPẸ́

Àwọn baba wa nínú Ẹgbẹ́ Ìhìnrere C.M.S. tètè mọ̀ pé mímọ ìwé nìkan kò sọ ènìyàn di olùkọ́. Nígbà tí àwọn ilé-ìwé ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí pọ̀, wọn kò kàn mú ẹnikẹ́ni tí ó lè ka Bíbélì kí wọn sì fi í síwájú àwọn ọmọ. Wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1853 láti máa kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ àti katikíìsì; wọ́n gbé e lọ sí Èkó ní ọdún 1867; ní ọdún 1896 ó dé Ọ̀yọ́, ó sì di Kọ́lẹ́jì St. Andrew tí òkìkí rẹ̀ kàn ká gbogbo ilẹ̀ Yorùbá.

Àwa tí a tọ́ dàgbà lábẹ́ ẹ̀kọ́ ìjọ kò lè gbàgbé bí wọ́n ti ń dán ẹni tí yóò di olùkọ́ wò. Yóò dúró níwájú àwọn ọmọ kéékèèké láti kọ́ wọn ní ìṣirò tàbí ìtàn Jósẹ́fù. Ọ̀gá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò jókòó lẹ́yìn kíláàsì pẹ̀lú ìwé àti kálámù. Nígbà tí ó bá parí, wọn yóò sọ fún un láìfi bò pé: o yára jù, ọmọ tí ó wà lẹ́bàá fèrèsé kò gbọ́ nǹkankan, o bi wọ́n ní ìbéèrè, ìwọ fúnra rẹ ni o sì dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ náà a máa dunni. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni a ti kọ́ pé iṣẹ́ olùkọ́ kì í ṣe pé kí ó tú gbogbo ohun tí ó mọ̀ jáde, bí kò ṣe pé kí ó rí i dájú pé ẹni tí ń gbọ́ ọ ti mọ̀ ọ́n.

Ohun ìyanu ni pé ohun tí a ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́ fún ìwé kíkà àti ìṣirò, ó pẹ́ gan-an kí a tó mọ̀ ọ́n fún iṣẹ́ ìwòsàn, níbi tí àṣìṣe ti ń gba ẹ̀mí.

II. OLÙKỌ́ KAN NÍ ABẸ́ÒKÚTA

Ní ọdún 1861 ni Dókítà A. A. Harrison, ọ̀kan nínú àwọn tí C.M.S. rán, dé Abẹ́òkúta. Kò fi ìwòsàn nìkan ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin díẹ̀ jọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ wọn ní ìmọ̀ ìṣègùn. Ọ̀kan nínú wọn ni Nathaniel King, ọmọ Àlùfáà Thomas King tí ó ran Àjàyí Crowther lọ́wọ́ nínú títúmọ̀ Ìwé Mímọ́ sí èdè wa. Ẹ wo bí ìrètí náà ti tóbi tó: ẹ̀kọ́ ìṣègùn nínú ìlú Ẹ̀gbá, ní ìgbà tí a kò tíì máa pe ilẹ̀ yìí ní Nàìjíríà!

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1864 Dókítà Harrison kú, ẹ̀kọ́ náà sì kú pẹ̀lú rẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò ní làákàyè. Nathaniel King rìn jìnnà lẹ́yìn náà: ó gba ìwé-ẹ̀rí oníṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Edinburgh láàárín ọdún 1874 sí 1876, ó padà wá ṣe iṣẹ́ ní Èkó, ó sì kú níbẹ̀ ní ọdún 1884. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé olùkọ́ kan ṣoṣo ni ó wà, kò sì sí ẹni tí a ti múra rẹ̀ sílẹ̀ láti gba ipò rẹ̀. Àwọn àgbà ní, iná kú, ó fi eérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ẹ̀kọ́ Abẹ́òkúta kò rí ọmọ fi rọ́pò ara rẹ̀.

Ẹlòmíràn tí ó rí ọ̀ràn yìí kedere ni Dókítà James Africanus Beale Horton ti Sàró. Ní ọdún 1855, nígbà tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wá ọ̀dọ́mọkùnrin Áfríkà tí wọn yóò kọ́ ní ìṣègùn fún iṣẹ́ àwọn ọmọ-ogun, C.M.S. yan mẹ́ta láti Sàró: Horton, William Broughton Davies àti Samuel Campbell. Campbell ṣàìsàn, kò lè parí. Àwọn méjì yòókù kọ́ ẹ̀kọ́ ní King's College ní Lọ́ńdọ̀nù, Horton sì gba oyè dókítà ní Edinburgh ní ọdún 1859. Nígbà tí ó padà sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà, kò sọ pé, èmi ti yege, ó tó. Ní ọdún 1861 ó kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ pé kí wọn dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Sàró tí yóò máa pèsè àwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìṣègùn. Wọn kò gbà. Nítorí náà fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹni tí ó bá fẹ́ di oníṣègùn ní láti wọ ọkọ̀ òkun, bí baba rẹ̀ bá ní owó tàbí bí ìjọ bá ṣàánú rẹ̀.

III. LÁTI YÁBÀ DÉ ÌBÀDÀN

Ní ọdún 1930 ni ìjọba dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní Yábà. Àwọn tí ó jáde níbẹ̀ ṣe iṣẹ́ takuntakun ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé-ẹ̀rí wọn kò ní ọlá kan náà pẹ̀lú ti òkè òkun. Ní ọdún 1948 ni Kọ́lẹ́jì Yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn lábẹ́ ìtọ́jú Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn rẹ̀ àkọ́kọ́ kọ́ apá kan nílé, wọ́n sì lọ parí rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A ṣí ilé ìwòsàn ńlá ti U.C.H. ní ọdún 1957, ní ọdún 1960 ni àwọn àkọ́kọ́ tí ó parí gbogbo ẹ̀kọ́ wọn nílé sì gba oyè. Ní ọdún 1962 ni ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀, èyí tí ó wà ní Ìdí-Àràbà.

Báyìí ni ilé-ẹ̀kọ́ ṣe dé. Ṣùgbọ́n ilé kọ́ ni olùkọ́. Àwọn tí ń kọ́ni nínú ilé wọ̀nyí jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú iṣẹ́ abẹ, nínú àìsàn ọmọdé àti nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Síbẹ̀ ẹni tí ó ti jókòó gba ẹ̀kọ́ lórí bí a ti ń kọ́ni kò pọ̀ láàárín wọn. Olúkúlùkù ń kọ́ni gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ òun. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá jẹ́ onísùúrù, òun náà a ní sùúrù. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá ń fi akẹ́kọ̀ọ́ ṣẹ̀sín lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn, òun náà a ṣe bẹ́ẹ̀, a sì pe é ní ìbáwí. Kì í ṣe ní ilẹ̀ wa nìkan ni ó rí bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà.

IV. KÓFOWÓRỌLÁ ÀBẸ̀NÍ PRATT

Láàárín àwọn nọ́ọ̀sì ni ìmọ́lẹ̀ ti kọ́kọ́ tàn sí ọ̀ràn yìí ní ilẹ̀ wa, ó sì dùn mọ́ wa láti sọ pé ọmọ ilé-ìwé ìjọ ni ẹni tí a fẹ́ dárúkọ. Ìyá Kófowórọlá Àbẹ̀ní Pratt kàwé ní ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin ti C.M.S. ní Èkó. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ kọ́, ní United Missionary College ní Ìbàdàn, ó sì padà sí ilé-ìwé C.M.S. náà láti máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Lẹ́yìn èyí ni ó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1946 láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé-ẹ̀kọ́ Nightingale ní ilé ìwòsàn St. Thomas'.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí bí ó ti tò ó: olùkọ́ ni kí ó tó di nọ́ọ̀sì. Nígbà tí ó padà wálé tí ó sì bọ́ sí U.C.H. ní ọdún 1954, ìmọ̀ méjèèjì ni ó mú wá. Ní ọdún 1964 ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ Mátírọ́ọ̀nù níbẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ó di olórí gbogbo nọ́ọ̀sì lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ó tún di Kọmíṣọ́nnà fún ètò ìlera ní Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 1973. Ó sùn nínú Olúwa ní ọdún 1992.

Ní àkókò yẹn, nọ́ọ̀sì tí ó bá fẹ́ di olùkọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní láti lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó lè gba ìwé-ẹ̀rí. Mélòó ni ó lè lọ? Ní ọdún 1965 ni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè fún àwọn nọ́ọ̀sì, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, Ìyá Pratt sì wà lára àwọn tí ó tì í lẹ́yìn. Àwọn tí ó ti jẹ́ nọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀ ni ó kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀, kí wọn lè jáde láti kọ́ àwọn ẹlòmíràn àti láti ṣe àkóso. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti là nílé. Ẹni tí ó bá fẹ́ di olùkọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní láti kọ́kọ́ jẹ́ nọ́ọ̀sì tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí ti Nàìjíríà, kí ó sì ti ṣe iṣẹ́ náà, kí ó tó tún padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ láti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́.

V. BÍ AYÉ TI JÍ SÍ Ọ̀RÀN NÁÀ

Ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1950 sí 1959, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ George Miller ṣe ohun tí ó ya àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu. Ní yunifásítì tí ó wà ní Buffalo, ó pe àwọn oníṣègùn tí ń kọ́ni jókòó pẹ̀lú àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ìmọ̀ ẹ̀kọ́, kí wọn jọ yẹ̀ ẹ́ wò bí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti ń kọ́ nǹkan àti ìdí tí ó fi ń gbàgbé. Ní ọdún 1959 ó kó lọ sí Illinois, níbi tí ó ti dá ibùdó kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà pé ọ̀ràn náà kan gbogbo orílẹ̀-èdè, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí ran àwọn oníṣègùn lọ́wọ́ láti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ní ọdún 1977 wọ́n tẹ ìwé kan tí J. J. Guilbert kọ fún àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ìlera, ìwé náà sì rin ayé já.

Ní Dundee ní ilẹ̀ Scotland, Ronald Harden àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún ìdánwò ṣe ní ọdún 1975. Tẹ́lẹ̀ rí, akẹ́kọ̀ọ́ kan lè bá aláìsàn tí ó ṣòro pàdé àti olùdánwò tí inú ń bí, nígbà tí ẹlòmíràn bá èyí tí ó rọrùn pàdé. Harden to ibùdó púpọ̀ kalẹ̀: níhìn-ín kí o wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, lọ́hùn-ún kí o bi ìyá ọmọ léèrè ọ̀rọ̀, níbòmíràn kí o ka àwòrán àyà. Aago yóò lù, gbogbo wọn yóò sún síwájú. Iṣẹ́ kan náà ni fún olúkúlùkù, ìwé kan náà ni a sì fi ń gba máàkì. Irú ìdánwò yìí ni àwọn ọmọ wa tí ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti iṣẹ́ oníṣègùn ń ṣe lónìí.

Miller tìkára rẹ̀ tún padà sọ ọ̀rọ̀ kan ní ọdún 1990 tí àwa katikíìsì lè fi ọwọ́ sí. Ó ní àkàsọ̀ mẹ́rin ni ìmọ̀ iṣẹ́ ní. Èkíní, ẹni náà mọ̀ ọ́n. Èkejì, ó mọ bí a ti ń ṣe é. Ẹ̀kẹta, ó lè ṣe é lójú olùkọ́. Ẹ̀kẹrin, ó ń ṣe é lẹ́nu iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ìwé ìdánwò lásán kò kọjá àkàsọ̀ kejì. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí pẹ̀lú Katikísímù: ọmọ lè ka Òfin Mẹ́wàá láìṣàṣìṣe, kí ó sì jí ẹran nínú ìkòkò ìyá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Nílé wa, a fi òfin dá Kọ́lẹ́jì Orílẹ̀-Èdè fún àwọn oníṣègùn àgbà sílẹ̀ ní ọdún 1979. Ìjànìkín, ní ọ̀nà Àgbádárìgì, ni ibùjókòó rẹ̀ wà, kò sì jìnnà sí wa. Oníṣègùn tí ó ti gba oyè tẹ́lẹ̀ ni ó ń wá sábẹ́ rẹ̀ láti di àgbà nínú ẹ̀ka kan. Ẹ̀kọ́ nípa bí oníṣègùn ti ń jẹ́ olùkọ́ sì ti wọ inú ohun tí a ń kọ́ wọn, nítorí pé ẹni tí a sọ di àgbà lónìí ni a ó fi àwọn ọ̀dọ́ lé lọ́wọ́ lọ́la. Ní ọdún 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé to ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ nọ́ọ̀sì mọ̀ sí ọ̀nà mẹ́jọ, láti orí bí àgbàlagbà ti ń kẹ́kọ̀ọ́ dé orí bí a ti ń ṣètò ẹ̀kọ́, bí a ti ń dán ni wò, àti bí a ti ń ṣe àkóso.

VI. ÌTÀN ṢÚGÀ ÀTI IYỌ̀

Ẹlòmíràn lè sọ pé, kí ni gbogbo èyí? Ṣé ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kò lè kọ́ni? A ó fi ohun tí ojú wa rí dáhùn.

Ní ọdún 1985 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, olùkọ́ nípa àìsàn ọmọdé ní Yunifásítì Èkó, di Mínísítà fún ètò ìlera. Ọmọ àlùfáà ìjọ wa ni. Baba rẹ̀, Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti, ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà. Ní ìgbà rẹ̀ ni ìkéde omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tí ń ya ìgbẹ́ gbuuru kún orí rédíò.

Ní àkókò náà, nọ́ọ̀sì kan wá bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn ìjọ kan tí a ń sìn nígbà náà. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan nípa omi ara, nípa ìfun, nípa kòkòrò àrùn. Àwọn ìyá ń mi orí, a pàtẹ́wọ́, a sì gbàdúrà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú àwọn ìyá wọ̀nyí gbé ọmọ rẹ̀ sáré wá sí ilé wa ní òru. Ó ti po omi náà gẹ́gẹ́ bí ó ti rántí rẹ̀. Ó ti fi ìwọ̀n ṣúgà bu iyọ̀, ó sì fi ìwọ̀n iyọ̀ bu ṣúgà. Ọlọ́run ni ó yọ ọmọ náà, nípa ọwọ́ àwọn tí ó tọ́jú rẹ̀ mọ́jú. Ìyá náà ń sunkún pé, "Bàbá, mo ṣe ohun tí wọ́n ní kí n ṣe." Òótọ́ ni ó sọ: ohun tí ó gbọ́ ni ó ṣe.

Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e a pe ẹlòmíràn, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Ó gbé ìgò, ṣíbí, iyọ̀ àti ṣúgà wá. Ọ̀rọ̀ tí ó sọ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Lẹ́yìn náà ó ní kí ìyá kọ̀ọ̀kan po tirẹ̀ lójú òun, kí ó tọ́ ọ wò, kí ó sì kọ́ ẹni tí ó jókòó tì í. Ẹni tí ó bá ṣì í, kò bá a wí, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí a tún un ṣe, ìyá mi." Títí a fi ṣí kúrò ní ìjọ náà, a kò tún gbọ́ irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Lónìí, àpò oògùn tí a ti wọ̀n sílẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn, pẹ̀lú oògùn zinc, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tún fi ojú bu iyọ̀ fún ọmọ rẹ̀.

Àwọn méjèèjì ni ó mọ iṣẹ́ ìwòsàn. Ọ̀kan ṣoṣo ni a ti kọ́ ní bí a ti ń kọ́ni. Ohun tí ó wà láàárín wọn ni ẹ̀mí ọmọ kan.

VII. EWU TÍ Ó WÀ NÍWÁJÚ

Ní ìkànìyàn ọdún 2006, a ka 1,277,714 ènìyàn ní Alímọ̀ṣọ́, èyí tí ó pọ̀ ju ti ìjọba ìbílẹ̀ èyíkéyìí mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Èkó lọ. Gbogbo wa sì rí i pé láti ìgbà náà, ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní Ìdímù, ní Ìpájà, èrò kò dín. Ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka orílẹ̀-èdè 55 tí àìtó òṣìṣẹ́ ìlera ń bá fínra jùlọ. Nàìjíríà wà nínú wọn. Síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ wa ń wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà àti Amẹ́ríkà. A kò bá wọn wí. A gbàdúrà fún wọn, a sì ń jẹ nínú owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò bí a ti kọ́ wa. Bí nọ́ọ̀sì kan bá lọ, àyè ẹnìkan ṣófo. Bí olùkọ́ nọ́ọ̀sì kan bá lọ, àyè gbogbo àwọn tí ì bá kọ́ ní ogún ọdún ni ó ṣófo.

Ọ̀nà olùkọ́ náà kò sì rọrùn. Nọ́ọ̀sì tí ó bá fẹ́ padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ ní láti wá owó ilé-ẹ̀kọ́, kí ó pàdánù owó iṣẹ́ òru tí ó fi ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, kí ó sì fara da ọ̀rọ̀ àwọn tí ń sọ pé ó sá fún iṣẹ́ wọ́ọ̀dù. Àwa katikíìsì mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ pẹ́ tí a ti ń gbọ́ ọ pé ẹni tí kò rí iṣẹ́ gidi ṣe ni ó ń di olùkọ́.

Pọ́ọ̀lù Mímọ́, nínú ìwé rẹ̀ kejì sí Tímótì, orí kejì, ẹsẹ kejì, fi ìran mẹ́rin hàn wá: òun, Tímótì, àwọn olóòótọ́ tí Tímótì yóò fi ẹ̀kọ́ náà lé lọ́wọ́, àti àwọn tí àwọn wọ̀nyí yóò tún kọ́. Apọ́sítélì kò dúró lórí Tímótì. Dókítà Harrison kò rí àyè dé ìran kẹta, iṣẹ́ rẹ̀ sì parí ní ibojì.

Nítorí náà a fi ìrẹ̀lẹ̀ gbé àbá mẹ́ta síwájú ìgbìmọ̀ ìjọ àti ẹ̀yin baba wa àlùfáà. Èkíní, ní ọjọ́ Lúkù Mímọ́, tí í ṣe ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá lọ́dọọdún, nígbà tí a bá ń gbàdúrà fún àwọn oníṣègùn àti nọ́ọ̀sì, kí a máa dárúkọ àwọn olùkọ́ wọn pẹ̀lú. Èkejì, kí a yọ díẹ̀ nínú owó ọpẹ́ ọgọ́rùn-ún ọdún yìí sọ́tọ̀, kí a fi ran nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí kan láti inú ìjọ lọ́wọ́ láti gba ẹ̀kọ́ olùkọ́ ní yunifásítì nílé. Bí ẹni náà bá jáde, kí a ran ẹlòmíràn. Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà lókè òkun, nígbà tí ẹ bá wálé fún ìsinmi, má ṣe fi gbogbo rẹ̀ ṣe ayẹyẹ; kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà nítòsí yín bí wọ́n bá fẹ́ kí ẹ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn jókòó ní ọjọ́ kan tàbí méjì.

Àwọn tí yóò ka ìwé ìrántí tí ìjọ yìí yóò tẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i, a kò ní sí níbẹ̀ láti kí wọn. Ṣùgbọ́n bí ìyá kan ní Ìgàndò bá bí láyọ̀ ní ọdún náà, tí agbẹ̀bí rẹ̀ sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ nítorí pé a kọ́ olùkọ́ olùkọ́ rẹ̀ lónìí, àwa náà yóò ní ìpín nínú ayọ̀ náà. Kí Olúwa, Olùkọ́ ńlá àti Oníṣègùn ńlá, kí ó bùkún ìjọ rẹ̀, kí ó sì fi àwọn olóòótọ́ rọ́pò wa. Àmín.